Máàpù ìjọba ní ewu káúńtì tí a fẹ́ kó lọ kéré: ṣé ká fọkàn balẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Nígbà ìjì líle Harvey ní 2017, omi wọ ilé wa dé orókùn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di 2021, òtútù bẹ́ páìpù, omi tún bà wá lẹ́rù jẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú kan tó ń jẹ́ Canadian, ní Hemphill County, lókè lọ́hùn-ún ní Texas Panhandle, ìyẹn apá àríwá Texas. Ọkọ mi wo máàpù ewu tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjálù, ṣe, ó ní pupa ni Harris County tí Houston wà, àmọ́ ewu ibi tí à ń lọ kéré gan-an. Ó fẹ́ ká ra ilé sí ẹ̀yìn odi ìlú, tòun ti ilẹ̀ éékà mẹ́wàá. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 78, àti ọmọ wa méjì ló máa bá wa lọ. Ṣé lóòótọ́ la ti bọ́?

Ìdáhùn:

Arábìnrin mi, ẹ kú ewu Harvey. Ẹni tí omi bá ti ká mọ́lé rí kì í gbọ́ ìró òjò kí àyà rẹ̀ má já, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn ìlú kéékèèké ní Texas àti Oklahoma ṣètò bí wọ́n ṣe máa múra de àjálù. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá ibi tí wọ́n máa sinmi sí, bíi tiyín. Èmi ò ní kí ẹ má lọ. Ìlú dáadáa ni Canadian, odò wà nítòsí rẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ara wọn lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ má fi máàpù yẹn ra ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí máàpù náà ń kà. National Risk Index ni FEMA ń pè é. Oríṣi àjálù 18 ló wà nínú rẹ̀: iná pápá, ìjì àjà, yìnyín, ọ̀dá òjò, omíyalé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún káúńtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣírò àdánù tí àjálù wọ̀nyí lè mú wá láàárín ọdún kan. Wọ́n á wo iye ilé tó wà níbẹ̀, iye orí èèyàn, iye oko àti ohun ọ̀sìn, àti bí àjálù ṣe ń wáyé lemọ́lemọ́ sí. Wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ di owó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wò ó bóyá àwọn ará ibẹ̀ rọ́wọ́ họrí, àti bóyá wọ́n lè tètè dìde padà tí nǹkan bá bà jẹ́. Ohun tó bá jáde nínú ìṣirò yẹn ni wọ́n fi ń kun àwọ̀.

Ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 4,731,145 ní Harris County. Èèyàn 3,382 ló kà ní Hemphill, lórí ilẹ̀ tó lé ní 900 máìlì níbùú lóròó. Kò pé èèyàn mẹ́rin lórí máìlì kan. Roberts County tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, èèyàn 827 péré ni. Tí iná bá jó gbogbo ilé Roberts kanlẹ̀ lónìí, owó rẹ̀ lè má tó ti omi tó wọ àdúgbò kan ṣoṣo ní Houston. Ṣé ẹ ti rí ibi tí àwọ̀ yẹn ti wá?

Ẹ fi ọjà Bódìjà wé ìsọ̀ kan ṣoṣo tó wà lóríta abúlé. Tí iná bá mú Bódìjà, gbogbo rédíò ló máa gbé e. Tí iná bá mú ìsọ̀ oríta yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìyá oníìsọ̀ ní láyé ló bá a lọ. Ẹni tó fẹ́ pín owó ìrànwọ́ kárí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Bódìjà ni ẹrù pọ̀ sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máàpù náà fún, ó sì wúlò fún un. Ìyá oníìsọ̀ ni ẹ̀yin.

Ìbéèrè tiyín ni pé: nínú ilé wa, pẹ̀lú màmá àgbà àti ọmọ méjì, kí ló lè dé bá wa, ta ló sì máa tètè dé ọ̀dọ̀ wa? Tó bá jẹ́ ìyẹn là ń bèèrè, àìpọ̀ èèyàn fúnra rẹ̀ wà lára ewu. Ibi tí èèyàn ò pọ̀ sí, ọkọ̀ panápaná ò ní pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ ò ní pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa lọ á máa bọ̀, ilé ìwòsàn ńlá á sì jìnnà. Amarillo tó sún mọ́ yín jù nínú àwọn ìlú ńlá tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì.

Iná pápá ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ní 26 February 2024, iná sọ nítòsí Stinnett ní Hutchinson County, nǹkan bí ọgọ́ta máìlì sí ìwọ̀-oòrùn Canadian. Òpó iná mọ̀nàmọ́ná kan tó ti jẹrà ló ṣẹ́. Xcel Energy, ilé iṣẹ́ tó ni ohun èlò náà, jẹ́wọ́ pé ó jọ pé ohun èlò àwọn wà nídìí bí iná náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Smokehouse Creek Fire ni wọ́n sọ ọ́. Kí ọjọ́ kẹta tó ṣú, ó ti jó kọjá éékà 800,000. Nígbà tí wọ́n fi máa ká a mọ́ ní àárín March, éékà 1,058,482 ló ti jó. Ilẹ̀ tó jó yẹn tóbi ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, tòun ti ọ̀sà inú rẹ̀. Texas ò rí irú rẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èèyàn méjì kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ṣègbé. Gómìnà Greg Abbott sọ pé ilé àti àká tí iná jó ní Panhandle lọ́sẹ̀ náà lè tó 400 sí 500.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí iná yẹn ṣe rìn, torí òun ló máa sọ ibi tó yẹ kí ẹ gbé fún yín. Òjò rọ̀ púpọ̀ lágbègbè náà ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru 2023, koríko ga. Nígbà tí òtútù dé, koríko kú lórí ìdúró, ó gbẹ bíi bẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé. Ọmọ Ṣakí ni mí. Ẹni tó bá ti rìn nínú pápá Òkè-Ògùn nígbà ọyẹ́ mọ ìró tí irú koríko bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe lábẹ́ bàtà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọyẹ́ tiwa kì í sáré bí afẹ́fẹ́ tiwọn. Ní Panhandle, kò sí òkè, kò sí igbó, kò sí ohun tó máa ní kí afẹ́fẹ́ dúró.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ náà, ó ń lé iná lọ sí ìlà-oòrùn. Iná náà wá gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n. Àwọn tó wà ní gúúsù rẹ̀ ń rí èéfín lókèèrè, wọ́n ní ó ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn. Lọ́jọ́ kejì, òtútù ya wọlé láti àríwá, afẹ́fẹ́ sì yí. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n iná yẹn, tó ti gùn lọ ní ọ̀pọ̀ máìlì, di ojú iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dorí kọ gúúsù. Ẹni tó rò pé iná ti ré òun kọjá wá rí i tó ń bọ̀ níwájú òun, bí ògiri. Ní Canadian, wọ́n kọ́kọ́ ní kí ará ìlú máa lọ. Nígbà tó ṣe, iná ti dí ọ̀nà, wọ́n wá ní kí àwọn tó kù má wulẹ̀ jáde mọ́, kí wọ́n wá ibi sá sí nínú ìlú. Àárín ìlú yè é. Ẹ̀yìn odi ni ilé ti jó.

Kò yà mí lẹ́nu. Àárín ìlú ní títì ọ̀dà, ó ní simẹ́ńtì, ó ní koríko tútù tí wọ́n ń bomi rin, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ panápaná wà. Ẹ̀yìn odi ni pápá ti pàdé ògiri ilé. Éékà mẹ́wàá tí ọkọ yín fẹ́ rà, ẹ̀yìn odi yẹn náà ni.

Mo bá àwọn tó ń kó koríko ẹran lọ síbẹ̀ ní March ọdún yẹn. Ilẹ̀ dúdú láti etí títì dé ibi tí ojú lè rí i mọ. Àwọn òpó ọgbà màlúù ti jó kúrò nílẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló gbé ìdajì tó kù rọ̀ lófuurufú, ó ń mì wọ́n jẹ́jẹ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí iná ti kọjá, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ṣì ń rú èéfín láti inú. Ọlọ́sìn kan dúró ti màlúù rẹ̀ kan tí ọmú rẹ̀ ti jó, tí ọmọ rẹ̀ ń fẹnu wá a kiri. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ilé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò fara gbá rárá. Mo rìn yí ilé náà ká. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ìdí ògiri, kò sí igi kankan nítòsí, màlúù sì ti jẹ koríko iwájú ilé mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n fá. Ní ilé kejì, bíi máìlì kan sí i, igi kédárì ni wọ́n gbìn mọ́ ògiri kí ó máa gba afẹ́fẹ́. Àtẹ̀gùn simẹ́ńtì àti síǹkì ìdáná ló kù níbẹ̀.

Igi kédárì yẹn, tí wọ́n ń pè ní redcedar, ọ̀tá yín ni. Epo wà nínú ewé rẹ̀, tí iná bá mú un, ńṣe ló máa bú gbàù. Ó ti ń gba pápá ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn á sì máa rò pé ẹwà ilé ni. Ẹ má ra ilé tó bá wà nínú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ti ní owó tí ẹ máa fi gé e.

Kí ọkọ yín má sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní 12 March 2006, iná tí wọ́n pè ní East Amarillo Complex jó éékà 907,245 lágbègbè kan náà, èèyàn 12 ló bá a lọ. Ní 6 March 2017, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sìn ní Gray County kú síbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti kó màlúù yọ. Ẹ wo oṣù wọn: February, March, March. Ní Houston, June ni ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wojú ọ̀run, títí di November. Kàlẹ́ńdà yẹn ò wúlò níbi tí ẹ ń lọ. Láti ìgbà tí koríko bá ti gbẹ títí tó fi máa tún hu ní ìgbà ìrúwé ni kí ojú yín má kúrò lára afẹ́fẹ́. Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ tó wà ní Amarillo máa ń gbé ìkìlọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Red Flag Warning, lọ́jọ́ tí iná bá lè tètè ràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ kó ìwé pàtàkì, oògùn àti aṣọ màmá sínú ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà, kí epo inú rẹ̀ má sì dín ní ìdajì.

Bí koríko bá ṣe ń tutù ni ìgbà ìjì àjà á máa wọlé. Abúlé kan ń jẹ́ Glazier, inú Hemphill County tí ẹ ń lọ gan-an ló wà. Ní alẹ́ 9 April 1947, àjà kọ lu ibẹ̀, ó pa èèyàn 17, ó sì wó ilé abúlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò dúró síbẹ̀, ó kọjá lọ sí Higgins, ó wọ Oklahoma, ó ba Woodward jẹ́. Èèyàn 181 ló kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn, torí nígbà yẹn wọn kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀ àjà fún ará ìlú. Àwọn díẹ̀ ló kù ní Glazier lónìí, tí ẹ bá gba US 60 lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn ẹ máa kọjá níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tiẹ̀ mọ̀ pé ìlú ni tẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ ti wà báyìí, àmọ́ ìkìlọ̀ ò lè ṣe ohun tí ilé ò lè ṣe. Ní 15 June 2023, àjà wọ Perryton, ìlú tó tó nǹkan bí àádọ́ta máìlì sí yín. Èèyàn mẹ́ta kú, ó sì la àárín ọgbà tí wọ́n to ilé alágbèéká sí kọjá. Ilé alágbèéká ni irú ilé tí wọ́n fi ọkọ̀ fà wá, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìsí ìpìlẹ̀ gidi. Owó rẹ̀ fúyẹ́, ó sì pọ̀ ní ìgbèríko. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi màmá sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan lọ́wọ́ lè tẹ̀, ẹ ra ibi ìsádi onírin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, kó wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ èyí tí eékún ẹni ọdún 78 lè gbà.

Yìnyín kì í sábà pa èèyàn, owó ló ń pa. Tó bá bọ́ bí ọsàn, òrùlé àti gíláàsì ọkọ̀ á lọ. Ní ti sínóò, ẹ ti mọ ohun tí òtútù 2021 ṣe. Níbẹ̀, ọ̀nà lè dí fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, torí náà kí oògùn màmá má ṣe ku ti ọjọ́ méjì kí ẹ tó lọ gba òmíràn.

Ọ̀rọ̀ omi wà tí àwọn tó ń ti ìlú ńlá bọ̀ kì í rò. Ilé ẹ̀yìn odi kì í sábà ní omi ìjọba, kànga bọ́hòlù ló ní, iná mọ̀nàmọ́ná ló sì ń fa omi rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí iná pápá bá ń bọ̀, òpó á wó tàbí kí ilé iṣẹ́ iná fúnra wọn pa iná. Wákàtí yẹn gan-an tí ẹ nílò omi jù, ẹ ó ṣí ẹ̀rọ, kò ní sí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Nàìjíríà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ bọ́hòlù, ẹ dán an wò lóṣooṣù, ẹ sì ní àgbá omi ńlá tí ẹ lè fi garawa bù láìsí iná. Àwọn ọlọ́sìn ibẹ̀ máa ń ní ọpọ́n omi màlúù tó tóbi. Mo ti rí ibi tí òun nìkan ló gba ilé là.

Ta ló máa wá? Ọ̀pọ̀ jù lọ panápaná agbègbè yẹn ni kò gba owó oṣù. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, olùkọ́, ọlọ́sìn, àwọn ló máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí fóònù bá dún. Mo ní ọ̀wọ̀ fún wọn ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Ní 5 March 2024, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí iná ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀, olórí panápaná ìlú Fritch lọ pa iná ilé kan, ibẹ̀ ló kú sí. Irú àwọn èèyàn báyìí ni ẹ máa fọkàn tẹ̀, wọn ò pọ̀, ọ̀nà wọn sì jìn. Tí iná bá ń jó ní ibi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ilé tó ṣeé gbà là ni wọ́n máa dúró sí. Ìyẹn ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ìmọ́tótó ìdí ilé. Olórí ọkọ̀ á wo ilé yín fún ìṣẹ́jú kan, á pinnu bóyá kí òun fi ọmọọṣẹ́ òun wewu níbẹ̀. Tí koríko bá kan fèrèsé, tí ọ̀nà abáwọlé ò gba ọkọ̀ wọn láti yí padà, á kọjá.

Nǹkan owó náà tún wà. Àwọn kan rò pé FEMA á wá san gbogbo rẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó lè tún àwọn ohun ìlú ṣe lẹ́yìn àjálù, ó máa ń wo iye tó bàjẹ́ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà. Èèyàn Texas ju mílíọ̀nù 29 lọ, nítorí náà àdánù gbọ́dọ̀ tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n tó kà á sí. Káúńtì kékeré lè jó kó má tó iye yẹn. Owó mìíràn wà tí FEMA máa ń tètè gbé jáde nígbà iná, ó ń san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí wọ́n ná láti pa iná. Wọ́n lò ó ní 2024. Àmọ́ kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún ilé ẹni tó jó.

Ìnṣọ́ránsì nìkan ló kù, kí ẹ sì ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ra ilé. Ẹ bi wọ́n bóyá iye tí wọ́n máa fi kọ́ ilé tuntun ni wọ́n máa san, tàbí iye tí ilé àtijọ́ yẹn tó. Ẹ wo iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san tí afẹ́fẹ́ tàbí yìnyín bá bà á jẹ́: ní Texas, ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé ló sábà máa ń jẹ́. Lórí ilé 300,000 dọ́là, ìdá méjì tó 6,000 dọ́là. Omíyalé kì í sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin ti mọ ìyẹn látara Harvey. Tí ilé bá wà ní bèbè odò Canadian tàbí ojú àgbàrá tó gbẹ, ẹ gba ti omi lọ́tọ̀, kí ẹ sì rántí pé ó sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ọkàn mi fà sí inú ìlú. Tí ọkọ yín bá ṣì ń fẹ́ ilẹ̀, ẹ ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn odi, kí ẹ máa sùn nínú ìlú. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọn. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, kó wá ilé tó ní ọ̀nà méjì tó já sí títì ọ̀dà, kì í ṣe ọ̀nà kan tó gba àárín koríko. Káúńtì ní Texas ò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé lẹ́yìn odi ìlú, torí náà ẹ má rò pé ẹnì kan ti yẹ ilé náà wò fún yín. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yí ògiri ká, kó má sí ohun tó lè jó níbẹ̀: kò gbọdọ̀ sí igi, òdòdó gbígbẹ tàbí igi ìdáná tí wọ́n tò. Láti ibẹ̀ dé ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, koríko kúkúrú. Àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ òrùlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré dí wọn. Ògúnná tí afẹ́fẹ́ gbé ló máa ń sábà jó ilé. Á gba ojú ihò yẹn wọ inú àjà ilé, màjàlà á ti balẹ̀ síta, gbogbo èèyàn á rò pé iná ti kọjá, lẹ́yìn wákàtí kan ilé á bẹ̀rẹ̀ sí jó látinú.

Ẹ̀yin fúnra yín wá ńkọ́? Ìgbà tí àjálù bá dé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n máa pè yín sí. Irú ilé ìwòsàn ìgbèríko tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní critical access hospital kì í ní ju bẹ́ẹ̀dì 25 lọ. Ní alẹ́ Perryton, ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà ló gba ògọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tó fara pa láàárín wákàtí díẹ̀. Hẹlikópítà kì í lè fò nínú èéfín àti afẹ́fẹ́ líle, nítorí náà ẹni tó yẹ kó lọ sí Amarillo lè wà lọ́wọ́ yín di òwúrọ̀. Ẹ bi wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: kí ni ètò wa, ta ló ń rọ́pò ta, jẹnẹrétọ̀ wa ń gbé kí ni? Nílé, kí ẹ ti pinnu ẹni tó ń kó màmá àti àwọn ọmọ jáde nígbà tí ẹ̀yin bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí ọkọ yín bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, aládùúgbò ni, kí aládùúgbò náà sì ti mọ ibi tí bàtà màmá wà.

Ẹ lọ kí àwọn panápaná ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó tú ẹrù tán. Ẹ sọ fún wọn pé àgbàlagbà wà nílé yín. Ẹ fi nọ́ńbà yín sínú ètò ìkìlọ̀ káúńtì, kí ẹ sì ra rédíò ojú ọjọ́ tó ń lo bátìrì, torí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà máa ń jó. Tí iná bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ má sáré wọ inú èéfín. Ẹ wá ilẹ̀ tí kò ní koríko, oko tí wọ́n ti ro, tàbí ibi tó ti jó tán tó dúdú, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ti gíláàsì ọkọ̀, kí gbogbo yín lúgọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Iná koríko kì í pẹ́ lójú kan.

Tí ẹ bá ti rí ilé tó wù yín, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ̀yin mẹ́rin pẹ̀lú màmá. Kí màmá wà lórí ibùsùn tàbí àga nínú yàrá tí ẹ rò pé ó máa jẹ́ tirẹ̀. Ẹ tẹ aago. Ẹ gbé e dìde, ẹ wọ bàtà fún un, ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ wọ ọkọ̀, ẹ wà á dé ibi tí taya ti kan ọ̀dà. Tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ wá ilé mìíràn.